Kí dróònù tó fò lórí òrùlé Ìbàdàn, ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ rìn

Bí èèyàn bá gun Òkè Màpó láàárọ̀, tó dúró níwájú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní ọdún 1929, tó wá bojú wo ìsàlẹ̀, kì í ṣe ilé ló máa kọ́kọ́ rí. Páànù ni. Páànù tó ti pọ́n bí epo, páànù tó ti dúdú bí ìdí ìkòkò, àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tó ń dán bíi díńgí. Wọ́n fara ti ara wọn láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, débi pé bí ewúrẹ́ bá gun òrùlé ilé kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rìn dé ilé kẹta kó tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn àlejò a máa sọ pé ó rẹwà, wọn ò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ léèrè lóṣù Keje, nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lóru, tó ń gbé garawa láti igun yàrá kan sí èkejì. Ìyẹn ò ní bá yín sọ̀rọ̀ ẹwà rárá.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òrùlé ti bàjẹ́, káfíńtà ló máa ránṣẹ́ pè. Káfíńtà á gbé àkàbà wá, á bọ́ bàtà, á máa fẹsẹ̀ wá ibi tí ìṣó wà, nítorí abẹ́ ìṣó ni igi wà. Bó bá ṣèèṣì tẹ àárín páànù tó ti dípẹtà, inú yàrá onílé ló máa bá ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ìsàlẹ̀ Ìbàdàn ló mọ ẹnìkan tó ti ibẹ̀ ṣẹ́ lápá tàbí lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi ń gbé dróònù kiri ìgboro báyìí, ẹ̀rọ kékeré tó ní fáànù mẹ́rin, tí kámẹ́rà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń lò kò wúwo tó kílò kan. Ẹni tó ń darí rẹ̀ á dúró sílẹ̀ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́, á máa wo ojú fóònù, á sì máa rí ìṣó tó ti tú, ihò àti etí páànù tó ti ṣí, bíi pé òun gan-an ló jókòó sórí òrùlé.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Káfíńtà tó bá já bọ́, ara rẹ̀ ló máa ṣe léṣe. Dróònù tó bá já bọ́, orí ọmọ ọlọ́mọ ló lè bọ́ sí. Ohun tí kò wúwo tó kílò kan yẹn, bó bá ti òkè mítà 30 já wálẹ̀, eré tó máa bá dé ilẹ̀ kò jìnnà sí ti mọ́tò tó ń sáré lójú títì, fáànù rẹ̀ sì ń gé ẹran ara bí abẹ. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó pa òwe yẹn ò tíì rí wáyà iná Bẹẹrẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ní Bẹẹrẹ

Nǹkan bíi aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni àwọn ọmọkùnrin méjì gbé àpótí dúdú kan dé agbo ilé kan ní Bẹẹrẹ, lábẹ́ òkè Màpó níbẹ̀ yẹn. Ọ̀kan ni ọ̀gá, òun ló ń fo dróònù. Èkejì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá onílé, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé dáadáa lẹ dé? Ẹ̀rọ ọ̀hún dà? Ẹ jẹ́ kó máa gòkè lọ, oòrùn ti fẹ́ máa mú."

"Ẹ má bínú sí wa, Bàbá. A máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn yí agbo ilé ká ná."

Bàbá wò wọ́n títí. "Ẹ máa rìn? Ṣebí wọ́n ní ó ń fò ni?"

Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀fọ́ nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò ṣí àpótí. Ìwé àjákọ ni ọmọ iṣẹ́ mú jáde, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Wáyà ni wọ́n kọ́kọ́ wá. Kì í ṣe wáyà ńlá orí òpó iná nìkan o, nítorí ìyẹn hàn sí gbogbo ayé. Èyí tí ará ilé kan fà láti ojú wíńdò rẹ̀ sọdá sí ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lódìkejì, èyí tí wọ́n so aṣọ sí, àti èyí tó ti já tẹ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ká kúrò, àwọn yẹn ló ń pa dróònù. Kámẹ́rà kì í sábà rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú èèyàn tó dúró sílẹ̀ ló ń rí i, ìyẹn náà bó bá wá a. Nígbà tí wọ́n máa fi yí agbo ilé náà ká tán, wáyà mọ́kànlá ni ọmọ iṣẹ́ ti yà sínú ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òpó gíga ilé iṣẹ́ fóònù tó wà lẹ́yìn ilé kẹrin. Ọ̀gá dúró níbẹ̀ pẹ́, ó ń fojú wọn ọ́n. Ìdí rẹ̀ nìyí: bí rìmóòtù àti dróònù ò bá gbọ́ ara wọn mọ́, ọ̀pọ̀ dróònù ló máa ń dá padà sílé fúnra rẹ̀. Á kọ́kọ́ gòkè dé ìwọ̀n gíga tí ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, á wá fò tààrà wá síbi tó ti gbéra. Bí ọ̀gá bá ti sọ fún un pé kó padà ní mítà 20, tí òpó mítà 40 sì wà lójú ọ̀nà, òpó yẹn ló máa lọ kọ lù. Kì í ṣe gbogbo dróònù ló ní ojú tó lè yà fún un. Nítorí náà, ohun tó bá ga jù ládùúgbò ni wọ́n ń wá, tí wọ́n á sì fi gíga ìpadàbọ̀ sókè jù ú lọ dáadáa.

Wọ́n tún wá ibi tí ẹ̀rọ náà máa ti gbéra. Bàbá ní kí wọ́n gbé e lé orí mọ́tò tó ti kú sí ẹ̀gbẹ́ ilé, nítorí ibẹ̀ ga, adìẹ ò sì ní dé ibẹ̀. Ọ̀gá mirí. Kọ́ńpáàsì wà nínú dróònù, òun ló fi ń mọ ibi tó kọjú sí. Irin tó pọ̀ nítòsí, ì báà jẹ́ ti mọ́tò, ti páànù tàbí irin inú kọnkéré, lè da kọ́ńpáàsì yẹn rú. Ẹ̀rọ tí kò mọ ibi tó kọjú sí á gbéra tán, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri bí ẹni tó ti mu ẹmu kọjá. Ibi tí wọ́n mú nígbẹ̀yìn ni gbàgede kékeré kan láàárín ilé, ilẹ̀ lásán, níbi tí wọ́n ti ń sá èlùbọ́. Wọ́n sì tún mú ibi kejì tó lè bà sí, bí gbàgede bá kún fún èèyàn lójijì. Ibi méjì, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ohun tó kẹ́yìn ló le jù. Ní ẹ̀yìn agbo ilé, balùwẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí kò ní òrùlé. Ọmọ iṣẹ́ rí wọn, ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá gòkè lójijì níbẹ̀, tó ní kámẹ́rà nídìí, á bá ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni níhòòhò. Ìjà tó máa ti ibẹ̀ wá, kò sí òrùlé tó tó o.

Ni ọ̀gá bá padà sọ́dọ̀ Bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a ò ní lè fò lónìí."

Inú bí Bàbá. "Láti àárọ̀ tí ẹ ti ń rìn kiri, ẹ ẹ̀ wá ní ṣe nǹkan kan? Ẹ ò rí ihò tó wà lókè yàrá mi ni?"

"A rí i, sà. Jímọ̀ ni òní. Tó bá fi máa di aago méjìlá, èrò máa kún ojú ọ̀nà yìí, wọ́n ń lọ kírun. Tí wọ́n bá kírun tán, àwọn ọmọ iléèwé á tún dé. Ẹ̀rọ yìí ò gbọdọ̀ wà lókè orí èrò. Àárọ̀ ọ̀la ló dáa, kí atẹ́gùn tó jí, kí ọjà tó kún. Ẹ wá bá wa sọ fún gbogbo agbo ilé, kí ẹnikẹ́ni má wà ní balùwẹ̀, kí àwọn ìyá sì mú àwọn ọmọdé dání."

Bàbá ò fèsì kíá. Ó ń wo páànù tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ṣé ìjọba mọ̀ pé ẹ ń fo nǹkan yìí?"

Ìwé àṣẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré

Ìbéèrè àgbà ni Bàbá béèrè yẹn. Ní Nàìjíríà, kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ti ra dróònù ló lè fi ṣiṣẹ́ gbowó. Àjọ NCAA, tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú, ló ń fún àwọn oníṣẹ́ níwèé. Láti ọdún 2016 ni àjọ náà sì ti kéde fáyé gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa fo ó láìgbàṣẹ, àti pé ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjọba kàn fẹ́ ni ará ìlú lára ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àwọn ológun fòfin de fífo dróònù láìgbàṣẹ ní ìlà oòrùn àríwá Nàìjíríà, nítorí pé àwọn apániláyà náà ti ń lò ó. Ní ìlú Ọba lọ́hùn-ún, oṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí àwọn èèyàn ní àwọn rí dróònù lókè pápákọ̀ òfuurufú Gatwick, wọ́n ti pápákọ̀ náà pa lásìkò tí ọdún Kérésìmesì ti sún mọ́lé, nǹkan bíi 1,000 ọkọ̀ òfuurufú ni kò sì lè lọ tàbí bọ̀ bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ yẹ òrùlé wò n'Íbàdàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kò yẹ kó sún mọ́ láìgbàṣẹ. Pápákọ̀ òfuurufú wà ní Alákíà. Ọ́fíìsì gómìnà àti ọgbà ẹ̀wọ̀n wà ní Agodi. Bárékè ṣọ́jà wà ní Mọ́kọ́lá, òmíràn sì wà lọ́nà Òjòó. Ilé tó wà nítòsí irú ibẹ̀ yẹn lè máa jò bí asẹ́, àkàbà ni wọ́n á ṣì gbé síbẹ̀ títí ìwé á fi dé. Ṣọ́jà tó rí nǹkan tó ń kùn lókè bárékè rẹ̀ ò ní dúró béèrè bóyá páànù lẹ wá wò.

Dùgbẹ̀: ilé gíga ní atẹ́gùn tirẹ̀

Nígbà tí iṣẹ́ Bẹẹrẹ di ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì wọ mọ́tò, ó di Dùgbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dé Dùgbẹ̀ kó má gbójú sókè wo Ilé Kòkó. Àjà 26 ni, nǹkan bíi mítà 105 ló ga. Wọ́n kọ́ ọ parí ní ọdún 1965, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Iná jó o ní oṣù Kìíní ọdún 1985, wọ́n sì tún un ṣe. Ìyá tó ń ta ọsàn lábẹ́ rẹ̀ kò ka gíga rẹ̀ sí mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fo dróònù kì í dẹ́kun wíwò ó.

Ìdí ni pé ilé gíga ò dà bí ilé Bẹẹrẹ. Nísàlẹ̀, ewé ò lè mì, aṣọ tí wọ́n sá ò mira, kó jẹ́ pé lókè ní àjà ogún, atẹ́gùn ti ń fẹ́ débi pé ó lè gbá dróònù lọ. Atẹ́gùn tó bá sì kọlu ògiri gíga kì í padà sẹ́yìn. Ó máa ń pín sí méjì, á gba igun ilé kọjá pẹ̀lú ipá, á wá máa lọ́ bí ìjì kékeré lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ gan-an ló ń gbá ẹ̀rọ mọ́ ògiri. Ògiri gíga tún máa ń bo ojú sátẹ́láìtì tí dróònù fi ń mọ ibi tó wà, á wá dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dì lójú.

Ẹsẹ̀ bàtà 400, ìyẹn nǹkan bíi mítà 120, ni òdiwọ̀n gíga tí òfin fi lélẹ̀ fún irú dróònù kékeré báyìí ní ìlú Ọba, wọ́n sì ń lo 400 yẹn náà ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó mọṣẹ́ nílé níbí náà kì í fẹ́ kọjá rẹ̀. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: bí ilé bá ga tó mítà 105, mítà 15 péré ló kù lókè rẹ̀ kí èèyàn tó kan òdiwọ̀n. Kò sí àyè fún àṣìṣe níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ yẹ ara irú ilé yẹn wò kì í sún mọ́ ọn. Á dúró jìnnà, á fi kámẹ́rà fa ògiri mọ́ra. Á fi okùn dí ìsàlẹ̀ kí èrò má bàa gba ibẹ̀, bó sì ṣe Dùgbẹ̀ tí èrò ń wọ́, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan ni irú iṣẹ́ yẹn lè ṣeé ṣe. Àwọn méjèèjì kò gbé àpótí wọn sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá kàn ń fọwọ́ júwe, ọmọ iṣẹ́ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ ni wọ́n bá wá.

Bódìjà: òrùlé tó fara pa mọ́

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé Bódìjà, níbi tí obìnrin kan tó ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ń retí wọn. Ibẹ̀, òrùlé ò hàn sójú ọ̀nà. Wọ́n fi ògiri yí i ká lókè, ìyẹn tí àwọn èèyàn ń pè ní párápẹ́ẹ̀tì, ó jẹ́ kí ilé dà bíi páálí tí wọ́n kó bísíkíìtì sí. Ó wuyì lójú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ògiri yẹn ni gọ́tà wà, gọ́tà náà ni ewé máa ń dí, omi á dúró síbẹ̀, á wá gba inú ògiri wọlé díẹ̀díẹ̀. Onílé lè má mọ̀ títí ọ̀dà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó nínú pálọ̀. Irú òrùlé yìí ni dróònù wúlò fún jù lọ.

Ohun mìíràn tún wà ní Bódìjà. Kò sí ará ibẹ̀ tó gbàgbé alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà Àtijọ́, tí ilé wó, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí páànù àti gíláàsì fò kúrò lára ilé tó jìnnà síbẹ̀. Ìjọba ní ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pa mọ́ sínú ilé kan ló fà á. Lẹ́yìn irú ìjàǹbá yẹn, ilé kan lè dúró, kó máa wò yín, kó jẹ́ pé igi òrùlé rẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lórí ògiri. Kò yẹ kí èèyàn gun irú rẹ̀. Kí kámẹ́rà kọ́kọ́ lọ wò ó ló dáa. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dróònù tirẹ̀ di àwọn tó ń yọ èèyàn lọ́wọ́, tí wọn ò bá ránṣẹ́ pè é. Láti ìgbà yẹn náà sì ni ìró tí wọn ò mọ̀ ti ń já àwọn kan láyà ládùúgbò náà.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi sọ fún obìnrin onílé náà pé kó kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn lándílọ́ọ̀dù, kó sì fi tó àwọn aládùúgbò tó wà lápá ọ̀tún, lápá òsì àti lẹ́yìn létí. Obìnrin náà fajú ro.

"Ṣé ilé mi kọ́ ni? Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?"

"Ilé yín ni, Mà. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò mọ ààlà. Bó bá gòkè báyìí, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé wọn náà."

Òótọ́ ló sọ. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, àwòrán èèyàn tó ṣeé dá mọ̀ sì wà lára rẹ̀. Kí òfin tó dé pàápàá, ojú àti ìtìjú ti wà. Ẹni tó bá ń yọjú wo ilé onílé láti orí ìgànná, kí ni Yorùbá ń pè é?

Àárọ̀ Sátidé

Kó tó di aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọdé kan ti ń lu agogo kiri agbo ilé Bẹẹrẹ. "Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ o! Bàbá ní kí ẹ mú ọmọ yín dání o!" Ìlú ṣì tutù. Èéfín àkàrà ń gòkè tààrà, kò tẹ̀ sí ibì kankan, ìyẹn sì ni ọ̀gá ń wò: bí èéfín bá ń lọ sókè gbọnrangandan, atẹ́gùn ò tíì jí.

Ó yẹ bátìrì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti wú, kò gbọdọ̀ fò, nítorí ó lè gbiná. Ó yẹ fáànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bóyá ọ̀kan ti sán. Ó tún fi gíga ìpadàbọ̀ sókè ju òpó fóònù lọ. Ó gbé e kalẹ̀ ní gbàgede, ó jẹ́ kó gòkè mítà mẹ́ta péré, ó dá a dúró níbẹ̀, ó tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Kò yẹ̀, kò mì. Ó jẹ́ kó máa lọ.

Ọ̀gá ń wo ojú fóònù. Ọmọ iṣẹ́ kò wo fóònù rárá, ojú ọ̀run àti ẹnu ọ̀nà ló ń wò, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Dróònù kò sì kàn ń ráre kiri. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè ló ń lọ: á lọ tààrà dé òpin òrùlé, á sún díẹ̀, á padà, á tún sún. Kò sí ibi tó fò kọjá láìyà á ní àwòrán.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ò tíì pé tí ọmọ iṣẹ́ fi pariwo. "Ọ̀gá, àwòdì!" Àwòdì kan ti ń yí po lókè, ó ń sún mọ́ ọn. Wọn ò bá a du ọ̀run. Ọ̀gá darí ẹ̀rọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì mú un bà. Ó kù ju ìdajì iná bátìrì lọ, àwọn ọmọdé sì ń kígbe pé kó tún gòkè, kò dá wọn lóhùn. Òfin tirẹ̀ ni pé bí bátìrì bá ti ku ìdá mẹ́ta, ilé ló ń bọ̀. Bí ẹyẹ bá sì dé, ilé ló ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Àwòdì wá ibòmíràn gbà. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì, wọ́n parí iṣẹ́ tó kù.

Nígbà tí wọ́n jókòó ti Bàbá láti fi àwòrán hàn án, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi hàn án ni ihò. Kò sí lókè yàrá rẹ̀ tó rò pé ó wà. Orí yàrá kejì ló wà, níbi tí páànù méjì ti pàdé, omi kàn ń gba ara igi rìn wá sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni. Káfíńtà tó gùn ún ní ọdún méjì sẹ́yìn ti kan ìṣó sí ibi tí kò jò, ó sì ti ibẹ̀ já bọ́, ó ṣẹ́ nítan.

Ohun kejì ni kò jẹ́ kí Bàbá sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ka òkúta mọ́kànlá àti táyà mọ́tò méjì lórí òrùlé náà, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbé síbẹ̀ kí ìjì má bàa ṣí páànù. Ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà tóbi tó orí màlúù. Etí òrùlé gan-an ló wà. Páànù abẹ́ rẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀, igi etí òrùlé ti ya. Abẹ́ rẹ̀ tààrà ni ìyá tó ń ta ẹ̀kọ máa ń tẹ́ igbá sí láràárọ̀, tí àwọn ọmọ iléèwé á sì tò síwájú rẹ̀.

"Ta ló gbé òkúta yìí síbẹ̀?" ọmọ iṣẹ́ béèrè.

Bàbá mú fóònù náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. "Èmi ni," ló sọ níkẹyìn. "Ó ti pẹ́. Ìjì kan ló jà, mo ní kó di páànù mú fún mi títí káfíńtà á fi dé." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Èmi ti fi òkúta sórí òrùlé sùn látọjọ́ yìí."

Ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ bá ìyá ẹlẹ́kọ, ó ní kó gbé igbá rẹ̀ sọ́dọ̀ òun níwájú ilé. Ìyá náà ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń ráhùn pé àwọn oníbàárà òun ò ní rí òun. Bàbá kò ṣàlàyé, ó bá a gbé ìgò epo àti àga.

Àwòrán kì í ṣe àtúnṣe, ọ̀gá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Dróònù ò lè rí inú igi tó ti jẹrà lábẹ́ páànù, ibi tó yẹ kí káfíńtà ti bẹ̀rẹ̀ ló lè fi hàn. Káfíńtà dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé náà. Wọ́n fi ibi tí igi ṣì le àti ibi tí kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀ hàn án nínú fóònù, ó sì gbé pákó sórí páànù kó tó gun ún. Òkúta ńlá náà ló kọ́kọ́ fi okùn sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó balẹ̀, ọkùnrin méjì ló gbé e kúrò lójú ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá ẹlẹ́kọ ti padà sí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá sì dúró lórí Òkè Màpó lọ́jọ́ náà, páànù Ìbàdàn ló máa rí, bó ṣe wà láti ọjọ́ yìí wá, tó pọ́n bí epo. Yóò wù ú pé ó rẹwà. Kò ní rí òkúta tó kù lórí àwọn yòókù.